Ìkọ́ Wo Ló Yẹ Píkọ́ọ̀pù Oníná Tó Fẹ́ Fa Tírélà Kékeré ní Èkó?

Látìgbà tí píkọ́ọ̀pù oníná ti ń yọjú ní Lekki àti Ikeja, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ìkọ́ wo ni kí n rà sẹ́yìn ọkọ̀ mi?" Ẹnì kan fẹ́ máa fa ọkọ̀ ojú omi lọ sétí ọ̀sà. Ẹlòmíì ní jẹnẹrétọ̀ orí táyà tó fi ń ṣiṣẹ́ òde àríyá. Ẹlòmíì ń ta omi. Tírélà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ là ń sọ níbí o, kì í ṣe àwọn tó ń tò sí Apapa.

Ìdáhùn mi ni pé kẹ́ ẹ má tíì ra ìkọ́ kankan. Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà. Ohun márùn-ún ló so kọ́ ara wọn: ọkọ̀, ìkọ́, ọ̀pá tí bọ́ọ̀lù jókòó lé, bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ (irin róbótó tí tírélà ń gùn), àti ẹnu tírélà (ibi tó ń bo bọ́ọ̀lù náà). Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré jù nínú wọn ni ọ̀gá. Ìkọ́ tó nípọn bí irin afárá kò lè fún ọkọ̀ ní agbára tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fún un.

## Kẹ́ ẹ tó jáde lọ sọ́jà

Ẹ ní nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́:

- ìwé ìlò ọkọ̀ náà, ti ọdún àti irú bátìrì tó wà nínú tiyín gan-an
- fọ́tò sítíkà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà
- fọ́tò àwo irin tí wọ́n kọ ìwúwo sí lára tírélà
- téèpù ìwọ̀n

Tí ọkọ̀ bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí ìwé rẹ̀ ò bá a dé, ojúlé ilé iṣẹ́ tó ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti wá a. Ẹnu ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín kì í ṣe ìwé ìlò.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ iye tí ọkọ̀ lè fà

Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Rivian R1T lè fa 11,000 pọ́ùn, ìyẹn bíi 4,990 kìló. Cybertruck alágbára náà fa iye yẹn, ṣùgbọ́n èyí tí mọ́tò ń yí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan kò kọjá 7,500 pọ́ùn. Ẹ wá wo Ford F-150 Lightning: èyí tó ní bátìrì ńlá pẹ̀lú àkànṣe ètò ìfatírélà láti ilé iṣẹ́ lè fa 10,000 pọ́ùn (4,536 kìló), èyí tó ní bátìrì kékeré tí kò ní ètò náà kò ju 5,000 lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ gbé àwọn méjèèjì síwájú ilé kan náà, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Maxus T90EV ní tirẹ̀, tọ́ọ̀nù kan péré ni.

Nọ́ńbà kejì wà tí àwọn èèyàn kì í bìkítà fún: iye ẹrù tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè gbé. Òun ló wà lára sítíkà ilẹ̀kùn. Bátìrì ọkọ̀ oníná wúwo gan-an, ó sì ti jẹ nínú iye yẹn kẹ́ ẹ tó wọlé. Èèyàn tó jókòó, ẹrù tó wà lẹ́yìn, àti bí ẹnu tírélà ṣe tẹ ìkọ́ mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà pọ̀.

Ká ní sítíkà yín sọ pé 700 kìló. Èèyàn márùn-ún tó wọn kìló 75 níkọ̀ọ̀kan jẹ́ 375. Ẹ kó àga àti kúlà tó tó 200 sẹ́yìn. Ó ku 125 kìló fún ẹnu tírélà. Tí ẹnu tírélà bá ń tẹ ìkọ́ pẹ̀lú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà (ẹ ó rí i ní Ìgbésẹ̀ 2), tírélà tó ju 1,250 kìló lọ ti kọjá agbára yín lọ́jọ́ náà, bí ìwé tiẹ̀ sọ pé ọkọ̀ lè fa tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ ọkọ̀ míì.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn tírélà pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀

Omi rọrùn láti ṣírò: lítà kan, kìló kan. Tánkì lítà 1,000 tó kún jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Tí tírélà òfìfo bá jẹ́ 400 kìló, 1,400 lẹ ń fà. Ẹ má fa tánkì tó kún dé ìdajì o. Omi á máa lọ á máa bọ̀ nínú rẹ̀, á sì máa ti ọkọ̀ yín síbi tí ẹ ò darí rẹ̀ sí. Kó kún tàbí kó ṣófo.

Jẹnẹrétọ̀ ní àwo ìwúwo lára. Ẹ fi dísù inú rẹ̀ kún un. Fún ọkọ̀ ojú omi, ẹ ka ẹ́ńjìnnì, epo, àti tírélà abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù sábà máa ń ní òṣùwọ̀n ńlá. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ fún wọn ní nǹkan, ẹ fi tírélà sórí rẹ̀.

Ìwúwo ẹnu tírélà ló kàn. Fún tírélà irú ti Amẹ́ríkà, ó yẹ kó wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo. Tírélà 1,400 kìló yẹn, kí ẹnu rẹ̀ wọn 140 sí 210. Tírélà tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀, bíi ìdá 5 sí 7. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé rẹ̀ bá sọ. Tí ẹnu bá fúyẹ́ jù, ìdí tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú ọ̀nà, ijó yẹn kì í sì í dùn. Tó bá wúwo jù, ìdí ọkọ̀ á rọlẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, táyà iwájú ò ní di ọ̀nà mú dáadáa.

Òṣùwọ̀n ilé tí ẹ fi ń wọn ara yín tó láti fi wọn ẹnu tírélà. Ẹ ṣe é báyìí, lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú:

1. Ẹ di táyà tírélà mú pẹ̀lú igi tàbí òkúta níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.
2. Ẹ gbé páìpù irin lé bíríkì lápá kan, ẹ gbé òmíràn lé òṣùwọ̀n lápá kejì.
3. Ẹ tẹ́ pákó nípọn lé páìpù méjèèjì. Ẹ tẹ bọ́tìnnì òṣùwọ̀n padà sí òdo kó má baà ka ìwúwo pákó mọ́ ọn.
4. Ẹ sọ ẹsẹ̀ jáàkì tírélà kalẹ̀ sórí pákó, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1 sí bíríkì àti ẹsẹ̀ bàtà 2 sí òṣùwọ̀n.
5. Ẹ ka òṣùwọ̀n, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Tó bá ka 55, ẹnu tírélà wọn 165.

Tí kò bá dáa, ẹ sún ẹrù síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ tún un wọ̀n. Kì í gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú kíláàsì ìkọ́

Ìkọ́ Amẹ́ríkà tó pọ̀ jù lọ́jà wa ní ihò onígun mẹ́rin tí ẹ ń ki ọ̀pá bọ́ọ̀lù bọ̀. Bí wọ́n ṣe pín in nìyí:

- Kíláàsì 1: ihò íǹṣì 1¼, kò ju 2,000 pọ́ùn (907 kìló)
- Kíláàsì 2: ihò íǹṣì 1¼, kò ju 3,500 pọ́ùn (1,588 kìló)
- Kíláàsì 3: ihò íǹṣì 2, kò ju 8,000 pọ́ùn (3,629 kìló)
- Kíláàsì 4: ihò íǹṣì 2, nǹkan bíi 10,000 pọ́ùn (4,536 kìló)
- Kíláàsì 5: ihò íǹṣì 2 tàbí 2½, fún ẹrù tó ju ìyẹn lọ

Fún iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ yín ń ṣe, Kíláàsì 3 ti tó. Kíláàsì 5 lára ọkọ̀ tó ń fa tọ́ọ̀nù kan, ìnáwó lásán ni, ó sì ń fi ìwúwo kún ìdí ọkọ̀.

Tí ìkọ́ bá ti Yúróòpù wá, ẹ ò ní rí kíláàsì lára rẹ̀. Àwo kékeré ni ẹ ó rí, tí wọ́n kọ D àti S sí. S ni kìló tó lè tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. D ni agbára ìfà. Ẹ mú ìwúwo tó pọ̀ jù tí wọ́n fún ọkọ̀, ẹ fi ti tírélà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi àpapọ̀ méjèèjì pín in, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 9.81. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 3.0 tó ń fa tọ́ọ̀nù 1.4 á fún yín ní nǹkan bíi 9.4. D tó wà lára àwo kò gbọ́dọ̀ kéré sí i. Tí àwo bá ti já dànù, ẹ fi ìkọ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ méjì kù níbí. Ìkọ́ kan wà tó ní ọ̀pá méjì tó ń pín ẹrù dé táyà iwájú. Ilé iṣẹ́ kan á ní ẹ gbọ́dọ̀ lò ó tí ẹrù bá ti kọjá iye kan, òmíràn á ní ẹ ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ìwé ọkọ̀ yín ni kó sọ. Ti èyí tí wọ́n ń lu ihò sí àárín búkẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù fún, ẹ gbàgbé rẹ̀. Mọ́tò ẹ̀yìn tàbí waya iná ńlá lè wà lábẹ́ ibẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é, kì í ṣe iná wẹ́dà

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Láti Mushin dé Owode Onirin, ohun tójú wa mọ̀ ni pé kí wẹ́dà gé irin, kó jó o mọ́ ṣáàsí, kó fọ́n ọ̀dà dúdú sí i, kó gbowó. Hilux àtijọ́ ń fara da irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Píkọ́ọ̀pù oníná ò gbà á.

Iná tí wẹ́dà fi ń jó irin gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì lè gba inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ba ohun tówó rẹ̀ lè ra ìkọ́ mẹ́wàá jẹ́. Bátìrì ńlá náà wà láàárín ṣáàsí. Ooru àti ẹta iná kò gbọ́dọ̀ dé tòsí rẹ̀. Bátìrì líthíọ̀mù tó bá sì fara pa lè má jó lójú ẹsẹ̀, ó lè di òru tàbí ọjọ́ kejì, nígbà tí ọkọ̀ ti wà nínú gáréèjì abẹ́ yàrá yín. Lákòótán, kì í ṣe gbogbo irin ìdí ọkọ̀ ni irin dúdú tí wẹ́dà mọ̀. Ìdí Cybertruck, alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe ni.

Ìkọ́ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín gan-an, tó ń wọ ihò tí ilé iṣẹ́ ti lù sílẹ̀, ni kẹ́ ẹ rà. Tí ọkọ̀ bá ti ní ìkọ́ láti ilé, ẹ wo ẹ̀yìn pẹpẹ ike abẹ́ bọ́ńpà kẹ́ ẹ tó náwó; àwọn kan fi tiwọn pamọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá ń dè é:

1. Ẹ gbé ìkọ́ sípò láìfi bóòtù kankan sí i. Ihò gbọ́dọ̀ bára mu fúnra wọn. Tí ọ̀gá mẹkáníìkì bá ní kí òun fẹ ihò kan díẹ̀, ẹ ní kó dúró.
2. Ẹ fi waya aláwọ̀ ọsàn han gbogbo ẹni tó máa wọ abẹ́ ọkọ̀. Iná ńlá ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọ́dọ̀ so nǹkan mọ́ ọn, kò gbọ́dọ̀ gbé jáàkì tì í.
3. Bóòtù tó bá ìkọ́ wá ni kẹ́ ẹ lò. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ wo orí rẹ̀: 10.9 ni wọ́n tẹ̀ sára ti mílímítà tó le, ilà mẹ́fà ló wà lórí ti íǹṣì tó le. Bóòtù tí orí rẹ̀ dán gbọlọjọ, ẹ má fi ẹ̀mí lé e lọ́wọ́.
4. Sípánà tó ń ka agbára ni kí wọ́n fi dì í, dé iye tí ìwé ìkọ́ kọ. "Mo ti fún un dáadáa" kì í ṣe nọ́ńbà.
5. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ilà láti orí bóòtù dé ara irin. Ọjọ́ tí ilà náà bá ti já sí méjì, bóòtù ti ń tú nìyẹn.

Ìkọ́ tòkunbọ̀ ń kọ́? Ó ṣeé rà, tí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ti ìlú yìnyín wá ti jẹ iyọ̀ ojú ọ̀nà wọn. Ẹ fi sípánà gún ibi tí irin ti pàdé irin. Tó bá ń ṣí bí èèpo, ẹ máa lọ. Ẹ wo ihò píìnì (irin tó ń di ọ̀pá bọ́ọ̀lù mú nínú ìkọ́): róbótó ló yẹ kó wà, kò yẹ kó ti gùn bí ẹyin. Ọ̀dà tuntun lójú oríkèé nìkan, níbi tí gbogbo ara yòókù ti ṣá, ó ń bo nǹkan.

## Ìgbésẹ̀ 5: Bọ́ọ̀lù àti gíga rẹ̀

Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù tó wọ́pọ̀ ni íǹṣì 1⅞, íǹṣì 2, íǹṣì 2 5/16, àti mílímítà 50 ti Yúróòpù. Ti íǹṣì 2 jẹ́ mílímítà 50.8, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń pa òun àti 50 pọ̀. Ẹ má ṣe é. Bọ́ọ̀lù tó kéré sí ẹnu tírélà dà bí bàtà bàbá lẹ́sẹ̀ ọmọ: ní títì tó dán kò sí wàhálà, kòtò kan ló máa yọ ọ́. Ìwọ̀n wà lára ẹnu tírélà, òun náà sì wà lórí bọ́ọ̀lù.

Fún gíga, ẹ gbé ọkọ̀ àti tírélà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Tí ọkọ̀ bá ń fi afẹ́fẹ́ gbé ara rẹ̀ sókè sódò, ẹ kọ́kọ́ tẹ ètò ìfatírélà kó lè dúró síbi tó máa wà lójú ọ̀nà. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé òkè inú ihò ìkọ́. Ẹ gbé tírélà kó tẹ́jú, ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárín méjèèjì ni ọ̀pá bọ́ọ̀lù yín gbọ́dọ̀ fi wálẹ̀ tàbí gòkè. Tírélà gbọ́dọ̀ tẹ́jú, tàbí kí imú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀.

Píìnì ihò íǹṣì 2 jẹ́ íǹṣì ⅝. Ẹ ra èyí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ ò nílò àlàyé, Èkó la wà.

## Ìgbésẹ̀ 6: Waya àti bíréèkì

Tírélà láti Amẹ́ríkà ń lo pọ́lọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ 4 tàbí ẹsẹ̀ 7. Ti Yúróòpù ń lo ẹsẹ̀ 7 míì tó yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, tàbí ẹsẹ̀ 13. Ohun tó ń so wọ́n pọ̀ wà lọ́jà. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí rẹ́wáyà ṣe ni pé kó bó waya iná ẹ̀yìn ọkọ̀, kó lọ́ tírélà mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣọ́ iná yẹn. Tí iye iná tó ń gbà bá yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe tàbí kó pa á. Ẹ lo ojú pọ́lọ́ọ̀gì tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀, tàbí àpótí kékeré tó ń gba iná tirẹ̀ láti inú bátìrì vóòtì 12 pẹ̀lú fíúsì.

Ní Yúróòpù, tírélà tó bá ti ju 750 kìló lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Mo rọ̀ yín, ẹ lo ìlànà yẹn níbí. Tó bá jẹ́ bíréèkì iná ló ní, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀. Ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ oníná lè sáré, mọ́tò fúnra rẹ̀ ń fà á dúró, nígbà tí bíréèkì tírélà lè má tíì mọ̀ pé ẹ fẹ́ dúró. Tírélà á máa ti yín lẹ́yìn. Lójú ọ̀nà tó tutù, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì gan-an. Bátìrì tó kún dé 100 kì í jẹ́ kí mọ́tò fa ọkọ̀ dúró tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹ má rò pé bó ṣe rí lánàá náà ló máa rí lónìí.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ so ó, ẹ dán an wò

1. Ẹ sọ ẹnu tírélà sórí bọ́ọ̀lù, ẹ tì í pa.
2. Ẹ fi jáàkì tírélà gbé ẹnu náà sókè díẹ̀. Tí ìdí ọkọ̀ bá gbé pẹ̀lú rẹ̀, ó ti mú. Tí ẹnu bá yọ, ẹ dúpẹ́ pé ilé lẹ ṣì wà.
3. Ẹ gba ṣéènì méjèèjì ní àgbélébùú lábẹ́ ẹnu, kó má fà nílẹ̀. Ẹ so okùn bíréèkì pàjáwìrì mọ́ ọkọ̀, kì í ṣe mọ́ ṣéènì.
4. Ẹ wo gbogbo iná. Ẹ ní C-caution nínú ọkọ̀.
5. Ẹ wà á yí inú ẹ́sítéètì ká ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday. Ẹ dúró, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín táyà tírélà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń jó ọwọ́, bíréèkì tàbí bẹ́árín-ìn rẹ̀ ni.

Bọ́ǹpù ẹ́sítéètì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ẹnu tírélà máa ń gbá a. Ẹ má mú tírélà gba Third Mainland lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti so afárá náà pọ̀ kò dáa fún ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

## Bátìrì ń kọ́?

Ẹ pín in sí méjì. Tí ojú ọkọ̀ bá sọ 400 kìlómítà, ẹ kà á sí 200 tí tírélà bá ga tó sì wúwo. Atẹ́gùn ló ń jẹ iná jù, nítorí náà tírélà pẹrẹsẹ sàn ju èyí tó ga bí ilé lọ, ẹ sì dín eré kù lójú ọ̀nà Epe. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù (AC) ló ń jẹ ẹ́. Níbi ìgbaná, ẹ ó sábà tú tírélà kẹ́ ẹ tó lè wọlé, nítorí náà òkúta táyà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Fífi ìkọ́ ṣe gáàdì lé danfo. Tí wọ́n bá gbá a, ṣáàsí ló máa gbà á. Ẹ yọ ọ̀pá bọ́ọ̀lù tí ẹ ò bá fa nǹkan.
- Sísọ tírélà ọkọ̀ omi sínú ọ̀sà láìyọ pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹ yọ ọ́, ẹ sì fi omi tó mọ́ fọ táyà àti bíréèkì rẹ̀ tẹ́ ẹ bá jáde.
- Fífa tírélà wọ inú àgbàrá. Ẹ dúró kó fà.

## Tí nọ́ńbà ò bá bára mu

Ẹ pín ẹrù. Tánkì lítà 500 lẹ́ẹ̀mejì kò burú ju 1,000 lẹ́ẹ̀kan lọ. Ohun kékeré, ẹ gbé e sínú búkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dípò tírélà. Jẹnẹrétọ̀ ńlá, ẹ pe ọkọ̀ tó ní kireni lẹ́yìn. Owó rẹ̀ ń wọ inú owó òde. Ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi tó wúwo ju píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ, kó bá ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ omi létí ọ̀sà sọ̀rọ̀, kí ọkọ̀ náà máa gbé ibẹ̀. Ẹ ó san owó oṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fà á kọjá Lekki mọ́.